Táyà Kan Ṣoṣo Tí Ó Kù fún Yímíyímí

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹ̀dá inú igbó àti ọ̀dàn ṣì ń kọ́lé ti ara wọn, tí wọ́n sì ń yá ara wọn ní iyọ̀, Yímíyímí kì í ti ohunkóhun kiri. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣófo, iwájú ni ó sì ń kọ sí bí ó bá ń rìn, bí èmi àti ẹ̀yin. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ rí i lọ́nà oko lánàá, tí ẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìlú Ẹ̀bá-Ọ̀dàn ni ó ń gbé, oníṣẹ́ ọwọ́ sì ni. Bí ilẹ̀kùn Ìyá Ìgbín bá há, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Bí òrùlé Àparò bá ń jò, òun náà ni. Kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kò lè tún ṣe, àfi ohun kan: ìyá rẹ̀ jìnnà sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bímọ ní ẹsẹ̀ Òkè Apárí, ni ìyá wọn bá lọ bá a gbọ́mọ. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta ni yóò lò. Ṣùgbọ́n ọmọ kan kò tíì já lẹ́nu ọmú tí òmíràn fi ń dé, oṣù mẹ́ta wá di ọdún mẹ́ta. Àárò ìyá rẹ̀ sì ń sọ Yímíyímí gan-an. Ohun tó tún wá dun ún jù ni pé ó ń rí òkè náà láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí ó bá jí láàárọ̀, òun ló kọ́kọ́ ń wò. Òkè náà wà níbẹ̀, ó dúdú bí aró, ó dà bí ohun tí ènìyàn lè na ọwọ́ kàn. Ẹni ẹsẹ̀ gígùn á dé ibẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Yímíyímí, ọdún kan gbáko ni.

Ní ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, agbo ẹfọ̀n kọjá ní ìlú wọn, Lékèélékèé sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó bà sórí ògiri Yímíyímí.

“Yímíyímí, o kú ilé o. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ.”

Yímíyímí sáré jáde. “Ìyá mi? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?”

“Àlàáfíà ni. Ojú nìkan ni. Ó ní ojú òun ti ń ṣú. Láàárọ̀, ó ṣì ń rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, ohùn wọn ló fi ń dá wọn mọ̀. Ó ní kí o wá. Òun fẹ́ fi ojú òun rí ọ.”

“Ìgbà wo lojú náà máa ṣú tán?”

Lékèélékèé gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ronú. “Bí iṣu tuntun bá fi máa jáde, mi ò rò pé yóò ṣì máa rí nǹkan.”

Yímíyímí wo òkè, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò lè bẹ Lékèélékèé pé kí ó gbé òun, nítorí Lékèélékèé kò ní gbé e dé ibẹ̀ láì gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé mò ń bọ̀. Ẹ ní n kò ní fi ẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni n ó gbé wá.”

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó rí ààbọ̀ igbá àjákù kan lẹ́yìn àkìtàn, ó fi ṣe ara ọkọ̀. Ó gé pòpòrò ọkà bàbà méjì, ó fi ṣe ọ̀pá tí táyà yóò máa yí lórí rẹ̀. Táyà gan-an ni wàhálà. Ó kọ́kọ́ fi èkùrọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n èkùrọ́ kò rí róbótó, ọkọ̀ sì ń ta bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ó gé gbágùúdá sí wẹ́wẹ́, ìyẹn rí róbótó dáadáa, ni ó bá lọ mu omi. Kí ó tó padà dé, Ẹliri, eku kékeré nì, ti jẹ méjì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ni Ẹliri wí, tí ẹnu rẹ̀ ṣì kún. “Mo rò pé ẹ gbé e kalẹ̀ fún àlejò ni.”

Ìgbẹ́ ẹfọ̀n ni Yímíyímí fi ṣe táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkẹyìn. Ó pò ó mọ́ koríko, ó fi ẹsẹ̀ mọ ọ́n róbótó, ó sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó le débi pé Tata, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ìka kàn án, ó dún kó, kó, kó.

“Ìgbẹ́ lo fi ṣe táyà?” ni Tata ń bi í, tí ó di imú mú.

“Ṣé ó ń rùn ni?”

Tata gbọ́ òórùn rẹ̀ wò. “Rárá o.”

“Ó dáa. Má pè é ní ìgbẹ́ mọ́. Táyà ni.”

Ẹ ó ní kí ló máa wa ọkọ̀ náà. Yímíyímí lọ sí ìdí igi ìrẹ́, ó ṣá a lára, ó gbe oje rẹ̀, ó yọ́ ọ lórí iná, ó sì fà á títí ó fi di okùn rọ́bà. Ó so ìdí okùn náà mọ́ igbá, ó wé orí rẹ̀ mọ́ ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, ó lọ́ ọ, lọ́ ọ, lọ́ ọ títí tí rọ́bà fi le koko, ó sì fi èèkàn há a. Bí ènìyàn bá yọ èèkàn náà, rọ́bà á tú, táyà á yí, ọkọ̀ á lọ. Nígbà tó ṣe tán, ó fi osùn kun ẹ̀gbẹ́ igbá náà ní pupa, bí ahọ́n iná. Kò nídìí kan tó fi kùn ún, ó kàn wù ú ni.

Òun àti Tata gbé e lọ sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n jókòó. Yímíyímí yọ èèkàn.

Wùùùùù! Ọkọ̀ ta kúrò nílẹ̀. Atẹ́gùn gbá wọn lójú. Koríko ń sá lọ sẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì. Tata, tí ń fò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò jókòó kí nǹkan gbé e sáré rí, ó sì ń pariwo, “Ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lẹ́ o! Ọ̀rẹ́ mi, má dúró o!” lẹ́ẹ̀kan náà. Àparò tí ń ṣa ọkà lẹ́bàá ọ̀nà sá wọgbó. Yímíyímí kò rí i. Òkè Apárí ló ń wò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, òkè náà ń tóbi sí i lójú rẹ̀. Ó ń sún mọ́ ọn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe atẹ́gùn ló fà á.

Lẹ́yìn náà ni rọ́bà já, tà! Ọkọ̀ dojú dé, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn nínú koríko.

Kí wọ́n tó gbọn eruku ara wọn tán, Ìyá Ìgbín ti ń wọ́ bọ̀. “Ẹ̀yin ọmọ òde òní! Ẹ gbé ohun tuntun sọ́nà, ẹ kò fi omi tútù wọ́n ọn! Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú yìí?”

Àṣà wọn ní Ẹ̀bá-Ọ̀dàn ni. Bí ohun tuntun bá fẹ́ rin ìrìn àkọ́kọ́, aládùúgbò á wá, wọ́n á wọ́n omi tútù sí i lára, wọ́n á ṣàdúrà kí ọ̀nà rẹ̀ tutù. Yímíyímí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí ó ṣe é.

“Ẹ má bínú, Ìyá,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Ní ọjọ́ tí mo bá ń lọ, ẹ ó wá ṣàdúrà fún mi.”

Ó fi ọjọ́ mẹ́fà tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó fa rọ́bà mẹ́ta, ó dì wọ́n pọ̀ bí ẹni di irun. Ó lẹ igbá tó sán. Ó fi ọ̀rá pa ọ̀pá rẹ̀ kó má baà máa ké. Rọ́bà ló gbà á lọ́kàn jù, nítorí rọ́bà ló já. Kò tilẹ̀ wo táyà, nítorí táyà kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ọjọ́ ìrìn àjò pé. Ó gbé ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn kan wà lábẹ́ ewé gbòòrò kan tó rọ̀ sílẹ̀ lára ògiri. Gbogbo àdúgbò pé síbẹ̀. Ìyá Ìgbín ló kọ́kọ́ wọ́n omi, ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò ju ìrì òwúrọ̀ lọ.

“Ẹ̀rọ̀ ni ti ìgbín. Ọ̀nà rẹ á rọ̀ ọ́. Wàá bá ìyá rẹ láàyè, ojú á sì rí ojú.”

“Àṣẹ,” ni Yímíyímí wí.

Ìbá tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Àparò ní, “Èmi tí ó bá mi tún òrùlé ṣe, ṣé ìrì lèmi náà máa wọ́n?” Ó da ahá kan. Ìkamùdù ní ahá kan kéré. Ó da méjì. Ẹliri, tí ojú ń tì nítorí gbágùúdá ọjọ́sí, ru odidi ìkòkò wá láti odò, ó sì rọra dà á tán, ó ń ṣàdúrà bí ó ti ń dà á. Yímíyímí ti tẹrí ba, ó ti di ojú. Ó mọ̀ pé omi ti ń pọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọwọ́ dí ẹnu àdúrà? Gbogbo wọn ń sọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ó sì fẹ́ gbọ́ ọ.

“Yímíyímí! Táyà!” ni Tata kígbe. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ń dáhùn “Àṣẹ! Àṣẹ!”, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Igbá náà rọra jókòó sílẹ̀. Ọ̀pá pòpòrò méjèèjì ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Yímíyímí la ojú, táyà mẹ́ta ti di ẹrẹ̀, omi pupa osùn sì ń ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹliri jókòó sínú ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún.

“Yéè! Ọwọ́ wa náà la fi bà á jẹ́,” ni Ìyá Ìgbín wí.

“Ẹ má sunkún,” ni Yímíyímí wí. “Ẹ fẹ́ràn mi ni. Èmi ni mo mọ ohun tí mo fi ṣe táyà, èmi ni n kò sọ.”

Tata di í mú. “A ó ṣe òmíràn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni.”

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ó rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ìgbẹ́ kò lè gbẹ mọ́, ó di ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn. Ojú ìyá kò sì ní dúró de oòrùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, Yímíyímí gbé táyà kan tó wà lábẹ́ ewé, èyí tí omi kò dé, ó sì mú ọ̀nà òkè pọ̀n.

“Fi í sílẹ̀,” ni Tata ń bẹ̀ ẹ́. “Táyà kan kì í ṣe ọkọ̀. Yóò kàn dá ọ dúró ni.”

“Mo ránṣẹ́ sí wọn pé ọkọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni n ó gbé wá. Bí ojú wọn bá ti ṣú kí n tó dé, n ó gbé èyí lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n á fi ọwọ́ pa á yí ká. Wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é, wọ́n á sì mọ̀ pé n kò jókòó.”

Ó kọ́kọ́ fi iwájú tì í. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ojú sókè, òkè náà ni ó ń rí, bí ó ti wà lánàá ni ó wà lónìí. Á jókòó, á sunkún. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta tí ó ti ń sunkún lójú kan náà, ó yíjú padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí òkè, ó dorí kodò, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti táyà náà. Kò rí òkè mọ́, ó sì lè máa lọ. Bí òjò bá jẹ lára táyà, ó bu ìgbẹ́ tuntun lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi dí i. Bí ó bá ṣì ọ̀nà, ó gun orí táyà, ó yí ká, ó wo ibi tí òkè wà lẹ́ẹ̀kan péré, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún tẹrí ba.

Ẹ ń bi mí bóyá ó dé. Èmi kò mọ̀. Wọ́n bi Lékèélékèé, ó kàn wo ilẹ̀ ni, ó sì fò lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Yímíyímí kì í ti í rìn láì ti nǹkan róbótó kan lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń dorí kodò, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tì í, tí ó sì ń gùn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wo ọ̀nà. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà oko lọ́la, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ gbá a. Ẹ yà fún un. Ó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.