Ìka Tá À Ń Fi Òrí Kẹ́

"Ìka tá à ń fi òrí kẹ́, kì í mú gìtá ké." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí á rò pé ọ̀tá òrí ló pa á. Òrí tí a fi ń pa ọmọ tuntun lára, tí a fi ń wo ẹsẹ̀ tó là, tí àgbà fi ń ra orúnkún, kí ló wá fi ṣe gìtá? Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni pé ẹni tó pa òwe náà, òrí ló ń ṣe tà, òrí ló fi tọ́ ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí.

Ní ìlú Òkè-Ìrókò, níbi tí òrí ti pọ̀ ju epo pupa lọ, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Adéoṣun. Ìjọ wọn ló ra gìtá kan, àmọ́ ilé Adéoṣun ni gìtá náà ń gbé, nítorí kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ta. Ní ọjọ́ ìkórè, bí wọ́n bá fẹ́ gbé iṣu àti àgbàdo lọ síwájú pẹpẹ, gìtá Adéoṣun ló máa ń kó gbogbo ìjọ jó lọ. Ẹni tí kò mú nǹkan kan wá pàápàá á jó débẹ̀, á ní òun ń sin àwọn tó mú nǹkan wá ni.

Àìsàn wá mú Adéoṣun, apá òsì rẹ̀ sì rọ. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka tó fi ń tẹ okùn gìtá kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Bàbá Ìjọ wá kí i. Ó kí i tán, ó wo gìtá tó wà lára ògiri.

"Adéoṣun, o mọ̀ pé mi ò fẹ́ ohun tó máa bà ọ́ nínú jẹ́. Àmọ́ àwọn ará wa ní ìjọ Ìsàlẹ̀-Odò ní ẹni tó lè ta gìtá yìí. Bí ìkórè bá dé tí kò sí ẹni tó ta á nínú wa, a ó gbé e fún wọn."

Adéoṣun ní kò burú. Ó yíjú sí ògiri. Mosúnmọ́lá, ọmọbìnrin rẹ̀, rí ojú yẹn kó tó yí i padà. Ọmọ náà ti tọ́jú bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, kò rí omi lójú rẹ̀ rí àfi ọjọ́ náà. Bí Bàbá Ìjọ ṣe jáde, Mosúnmọ́lá gbé gìtá sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ kọ́ mi."

"Ìwọ?"

"Èmi ni. Wọn ò ní gbé e lọ."

Ẹni tó bá ti di gìtá mú rí mọ bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń rí. Àfi bíi pé ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta á. Okùn irin ni, ó sì ń wọni lára. Mosúnmọ́lá rọra tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ó tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, ó ń hanrun bí àgbà tó sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti mú un.

"Má fún un lọ́rùn pa, kò ṣẹ̀ ọ́. Ṣé o rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀ yẹn? Sún ìka rẹ mọ́ ọn lẹ́yìn, má gun orí rẹ̀. Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Mosúnmọ́lá tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan jáde, ó mọ́, ó sì dùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò fẹ́ gbé gìtá sílẹ̀ mọ́, bàbá rẹ̀ ló ní kó sinmi. Ó ní díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìyá Adéoṣun ló ń gbé ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń ṣe òrí. Kò sí egbò tí òrí rẹ̀ kò tíì rí ní ìlú yẹn. Nígbà tó rí orí ìka ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó pọ́n bí ata, ó gbé omi gbígbóná kalẹ̀, ó ní kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó bu òrí, ó fi ra ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Irin yìí kò láàánú."

Bó ṣe di àṣà wọn nìyẹn. Bí Mosúnmọ́lá bá ti ta gìtá tán, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ìyá àgbà á fi òrí kẹ́ ẹ. Ilẹ̀ á mọ́, ìka á ti rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, okùn á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tó yẹ kó lọ, etí rẹ̀ ti mọ orin, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdajì orin tí ìrora fi ń gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkórè sì ń sún mọ́lé. Mosúnmọ́lá kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ara rẹ̀ ló dá lẹ́bi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó gbé gìtá kọ́ sára ògiri. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ gìtá."

"Mú ọwọ́ náà wá kí n wò ó." Adéoṣun fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì le tẹ orí ìka ọmọ rẹ̀ wò. Ó tún un tẹ̀. Ó wá gbé e sí imú. "Ta ló ń fi òrí pa ọ́ níka?"

Kí Mosúnmọ́lá tó dáhùn, ìyá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni. Àbí kí n máa wò ó ni? Awọ ìka ọmọ ń bó, ìwọ jókòó, o ń ní kó tún un ta."

"Ìyá, ó yẹ kó bó, kó gbẹ, kó wá le. Bó bá ti fẹ́ le báyìí ni ẹ̀yin ń rọ̀ ọ́."

"Òrí mi kò pa ẹnikẹ́ni lára rí."

Adéoṣun kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Ọwọ́ lásán lẹ fi ń gbé ìkòkò òrí kúrò lórí iná. Ṣé kì í jó yín ni?"

"Kò jó mi mọ́."

"Nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹkún ni mo sun. Ìyá mi ní kí n máa gbé e bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé wọn kò fẹ́ràn yín ni?"

Ìyá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí. "Wọ́n fẹ́ràn mi," ló wí. Ó bá padà sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé igbá òrí sókè àjà.

Láti ọjọ́ náà, bí ìka bá fẹ́ ṣẹ̀jẹ̀, Adéoṣun á ní kí ọmọ sinmi di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n òrí kò kàn án mọ́. Ìyá àgbà kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán nígbà tí nǹkan ń dun ọmọ, nítorí náà ó ní kí Mosúnmọ́lá gbé gìtá wá sí ìdí ààrò. Ó gbọ́ pé ọmọ náà ń sáré níbi tó rọrùn, ó sì ń kọsẹ̀ níbi tó le. "Òrí kì í fẹ́ ìkánjú," ni ìyá wí. "Bí mo bá ti yí orógùn, kí o ta tìrẹ." Orógùn ń yí nínú ìkòkò, gìtá ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá yí orógùn kánkán, gìtá kò sì ṣìnà. Ìgbà náà ni Mosúnmọ́lá ṣàkíyèsí pé ìka òun kò dun òun mọ́. Ó fi wọ́n gbá ara igi gìtá, wọ́n ń dún kó kó kó.

Ọjọ́ ìkórè pé. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò ti dé, wọ́n tilẹ̀ mú aṣọ funfun kan dání tí wọn yóò fi wé gìtá lọ sílé. Mosúnmọ́lá jókòó níwájú ìjọ, ó gbé gìtá lé itan. Ó bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì rìn jìnnà tó fi ṣi okùn tẹ̀. Ẹnì kan kẹ́dùn láàárín èrò. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bó bá ṣì í, kó má dúró, kó má padà. Ó gbójú sókè, ó rí ìyá àgbà lórí ìdúró, tó ń yí apá bí ẹni tó di orógùn mú.

Ó tẹ̀ lé apá náà. Orin náà jáde, orin bàbá rẹ̀ gan-an. Àwọn àgbẹ̀ gbé iṣu lérí. Àwọn ìyá tẹ̀ lé wọn. Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ ká agbádá sókè, ó jó títí ó fi gbàgbé ibi tó fi ìwé orin sí. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò kò mọ ìgbà tí wọ́n bọ́ sójú agbo, aṣọ tí wọ́n mú wá láti wé gìtá ni wọ́n wá ń jù fìrìfìrì lókè orí. Adéoṣun jókòó síbi tó wà, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lu itan, ẹ̀rín àti omijé sì jọ wà lójú rẹ̀. Orin náà parí, wọ́n ní kó tún un ta. Ó tún un ta. Gìtá padà sílé Adéoṣun, kò sì sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ gbígbé lọ.

Lẹ́yìn náà, àwọn èwe ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ gìtá lọ́dọ̀ Mosúnmọ́lá. Kò pẹ́ tí ìyá ọ̀kan nínú wọn fi gba ẹ̀yìnkùlé wá pẹ̀lú igbá, ó ní, "Ìyá, ẹ ta òrí fún mi. Okùn yẹn ti ṣe ọmọ mi léṣe níka."

Ìyá àgbà kò gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i, ọwọ́ tí iná kò lè jó mọ́, ó ní kó fọwọ́ kàn án. Ó wá ní, "Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló là, wá gbà á. Bó bá jẹ́ orúnkún ni, wá gbà á. Ṣùgbọ́n lọ sílé, kí o lọ fara dà á pẹ̀lú ọmọ rẹ. Ìka tá à ń fi òrí kẹ́, kì í mú gìtá ké."