Òkété Àti Àwo Tẹ̀tẹ̀

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi.

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi balẹ̀ sẹ́nu ihò Òkété. Ẹyìn mú un sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ihò kò gbà á mọ́, ẹ̀rù ejò sì ń bà á. Ló bá ń jẹ ewé tẹ̀tẹ̀ nìkan kó lè rù. Ṣùgbọ́n inú àwo kan náà ni òun àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń jẹ ẹyìn tẹ́lẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó ní, "Ṣé mo fi májèlé sínú ẹyìn ni?" Lọ́jọ́ kẹta kò wá mọ́. Nígbà tó yá, Òkété rù, ihò gbà á, ṣùgbọ́n ó ń dá jẹun, ló bá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ihò gbà mí o,
*Tẹ̀tẹ̀!*
Ọ̀rẹ́ ò bá mi jẹ mọ́,
*Tẹ̀tẹ̀!*

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ orin náà lórí igi, ó sọ̀kalẹ̀, ó tọwọ́ bọ àwo tẹ̀tẹ̀, ó fajú ro.

"Ọ̀rẹ́ mi, ewé yìí ò dùn."

"Mo mọ̀. Máa jẹun."

Ni wọ́n bá jọ rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká dá jẹun o.

Àmín!