Ẹ̀rọ Omi Tí Kò Pariwo

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ariwo omi wọn iyì ilé, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́.

Mojírọ́lá àti ọkọ rẹ̀ kọ́lé. Obìnrin náà ló lọ ra ẹnu ẹ̀rọ omi, èyí tó ní asẹ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, tí omi rẹ̀ ń rọra wá. Lọ́jọ́ ìṣílé, Ìyá Ṣakí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣí i wò, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ṣé omi yín ń tijú àlejò ni? Bí mo bá ṣí tèmi, gbogbo àdúgbò á gbọ́!"

"Ẹ jẹ́ kó máa tijú bẹ́ẹ̀, mà."

Kò pẹ́, ọmọ Ìyá Ṣakí bímọ sílé ìyá rẹ̀. Iná ọba lọ, kò sí ohun tí wọ́n máa fi fa omi sókè. Táńkì ilé méjèèjì kò ju ara wọn lọ, síbẹ̀ ti Ìyá Ṣakí gbẹ lọ́jọ́ kejì. Wọn a ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ gbàràrà, wọn a fi kànrìnkàn fọ ọmọ, wọn a jù ú sókè, omi ń ṣòfò! Irú ìwà wo nìyẹn?

Ọmọ tuntun ò sì lè ṣàìwẹ̀. Ìyá Ṣakí gbé e wá sílé Mojírọ́lá, kò lè gbójú sókè.

"Ẹ wọlé, mà. Omi ń bẹ."

Ìyá Ṣakí ń wẹ ọmọ náà, ara ọmọ ń dán. Nígbà tó fẹ́ fi ọṣẹ sí i lórí, ó nawọ́, ó rọra ti ẹ̀rọ náà pa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.