Ọ̀bẹ Tí Kò Mì Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní ìhà ọ̀hún odò, tí ó ti lọ́ igi títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Igi ọsàn kan ń so èso dídùn. Òmíràn ní gbòǹgbò tó lágbára, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Alọ́gi á bó èéhù kan lára igi dídùn, ìyẹn ibi kékeré tí ẹ̀ka titun ti fẹ́ yọ, pẹ̀lú èèpo díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Á la èèpo igi kejì, á ti èéhù náà bọ̀ ọ́, á fi ọ̀rá dè é. Bí Ọlọ́run bá gbà á, àwọn méjèèjì á di ara kan. Iṣẹ́ ẹni tí kì í kánjú ni, ọkùnrin yìí sì ti ṣe é dé ibi pé kò sí oko ọsàn kan ní agbègbè náà tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí o tó fèsì. Mo ti gbọ́ ti ọmọ rẹ obìnrin tí o bá wá. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn bàbá mìíràn tó wá gba àdúrà lọ́dọ̀ mi lórí àga yìí ṣáájú rẹ, títí ó fi sú mi. N kò ní pariwo lé ọ lórí. Agbára ariwo ti tán lára mi.

Ọ̀bẹ kan ni ọkùnrin náà fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná. Ọ̀bẹ tí a ń ká ni, tí ojú rẹ̀ ń wọ inú èèkù lọ bí a bá ti lò ó tán. Olóko kan tí ó bá ṣiṣẹ́ ni ó mú un ti òkè òkun bọ̀ fún un. Egungun dídán ni èèkù rẹ̀, irin rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè fá irun apá. Irú ọ̀bẹ tí àwọn mìíràn ń gbé sínú àpótí gíláàsì kí àlejò lè máa wò ó ni. Òun ń fi tirẹ̀ ṣiṣẹ́, àmọ́ kí ó tó nu òógùn ojú ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́, yóò kọ́kọ́ nu ọ̀bẹ.

Ìyá ọkùnrin yìí gbin igi ọsàn kan sẹ́yìn ilé kí ó tó kú. Èèpo ọsàn náà fẹ́lẹ́, omi rẹ̀ pọ̀, adùn rẹ̀ sì ní òórùn kan tí kò sí nínú ọsàn mìíràn tí mo ti jẹ. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ń lọ́ igi kiri oko olóko, kò lọ́ ẹyọ kan lára ti ìyá rẹ̀. Ó ṣáà ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà tí yóò fi gbójú sókè, ikán ti jẹ gbòǹgbò igi náà wọnú. Orí rẹ̀ ti gbẹ, ewé rẹ̀ ń pọ́n, ẹ̀ka tó ṣì tutù lára rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, èèpo igi sì ti ń bó wẹ́rẹ́, àsìkò igi lílọ́ gan-an nìyẹn. Bí àsìkò náà bá kọjá láìjẹ́ pé èéhù mú, igi á kú, irú ọsàn yẹn á sì parẹ́. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oorun kì í fi í kùn ún mọ́.

Àsìkò yẹn ni ọ̀bẹ yàn láti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bí ó bá ṣí i, ojú rẹ̀ kì í dúró lójú kan nínú èèkù. Ó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì, díẹ̀díẹ̀, bí eyín àgbàlagbà. Ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gé iṣu kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èéhù gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó tó lè lẹ̀ mọ́ igi kejì. Bí ọ̀bẹ bá mì, ẹ̀yìn èéhù á rí págunpàgun, atẹ́gùn á ráyè wọ̀ ọ́, á sì gbẹ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ bó gbẹ. Ó tú ọ̀rá wọn wò, wọ́n ti dúdú.

Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà níbi tí ojú ọ̀bẹ ti pàdé èèkù. Ó yí i le. Ọ̀bẹ dúró, inú rẹ̀ dùn, ó tún bó èéhù mìíràn. Kò pẹ́, ọ̀bẹ tún mì. Ó tún yí nọ́ọ̀tì le. Nígbà tí ó di pé ọ̀bẹ ń ṣagídí láti ṣí, ó da àdín sí i, nítorí pé àdín ni bàbá rẹ̀ máa ń fi pa ìbọn àti gbogbo irin tó wà nínú ilé, ohun tó bá sì ti ọwọ́ bàbá ẹni wá, ta ni í yẹ̀ ẹ́ wò? Ọ̀bẹ yọ̀ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Àdín ki, inú oko sì ni ó ń gbé ọ̀bẹ náà sí, lórí ilẹ̀, láàárín iyanrìn. Ó tún mì. Ó yí i le, ó da àdín sí i, ó tún yí i le. Ó di iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀ kí ó tó jẹun.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀bẹ náà wí. Bí èéhù kan bá ti gbẹ, á gbé ọ̀bẹ sókè, á máa ka gbogbo ohun tó ti ṣe fún un sí i létí: bí ó ṣe ń nù ún, bí kò ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, bí ó ṣe jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú irin dáadáa, irin kì í ṣe báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó jọ̀ọ́ tú u wò, bóyá nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní ṣé ìgbà tí igi ìyá òun ń kú lọ ni òun yóò jókòó máa tú ọ̀bẹ palẹ̀? Ó ní òun mọ ohun tó ń ṣe é, kò tíì le tó ni.

Níkẹyìn, ó fi píláyà sí i. Ó ká ọ̀bẹ náà pọ̀ kí ó má baà gé òun, ó fi orúnkún tẹ èèkù rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì yí nọ́ọ̀tì náà títí irin fi ké. Lẹ́yìn náà ó fi ìka ti ojú rẹ̀ tó wà nínú èèkù sọ́tùn-ún, ó tì í sósì. Kò mira rárá. Ó gbé e lọ bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò.

“Wò ó,” ni ó wí, “kò mì mọ́.”

“Ó dáa,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ṣí i kí n rí i.”

Kò ṣí. Ó fi èékánná fà á, èékánná fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó fi aṣọ dì í mú, kò ṣí. Ojú wá tì í, inú sì bí i, ó fi píláyà gbá a mú, ó fà á tagbáratagbára. Ojú ọ̀bẹ yọ dé ìdajì, píláyà yọ̀ lójijì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì já lé irin tó mú náà. Nọ́ọ̀sì tó rán ojú ọgbẹ́ náà sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹn ṣe ohunkóhun títí yóò fi jinná.

Bí ó ṣe jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn, tí ó ń wo ẹ̀yìnkùlé. Ewé ń já bọ́ lára igi ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ọwọ́ òsì lè ṣe sí i. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, nítorí kò ṣiṣẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè bínú sí ọ̀bẹ mọ́, kò lè bínú sí ikán. Nígbà tí àárẹ̀ náà ti mú un tó, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀bẹ wá pẹ̀lú àtẹ kan. Ọ̀bẹ náà ṣì wà bí ó ṣe fi í sílẹ̀, kò ṣí tán, kò ká tán.

“Tú u,” ni ó wí.

“Ṣé kí n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni?”

“Tú gbogbo rẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ jìjàkadì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì náà títí ó fi gbà. Ó kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sórí àtẹ níkọ̀ọ̀kan. Wáṣà idẹ méjì ló wà láàárín ojú ọ̀bẹ àti èèkù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àwọn ni kì í jẹ́ kí irin ha irin. Ohun dúdú kan ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, àdín tó ti pò mọ́ iyanrìn. Ìyàwó fi ìka nù ún kúrò. Wáṣà kan ṣì dára díẹ̀. Èkejì ti jẹ lápá kan, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Nígbà gbogbo tí ọkùnrin náà ń yí nọ́ọ̀tì le, iyanrìn ni ó ń tẹ̀ mọ́ idẹ, iyanrìn sì ń jẹ ẹ́. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, àyè á tún ṣí sílẹ̀, ọ̀bẹ á tún mì.

“Bàbá Àrìnọlá,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “níbo ni iyanrìn yìí gbà wọlé?”

Ọkùnrin náà na ọwọ́ òsì. Ó mú wáṣà tó jẹ náà, ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

“Èmi ni mo fi àdín mú un wọlé,” ni ó wí. “Èmi náà ni mo ń tì í mọ́ ọn lára.”

Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè di nǹkan mú, ó gé wáṣà titun lára idẹ àtùpà àtijọ́ kan, ó fi òkúta yún un títí ó fi tẹ́. Kò da àdín sí i mọ́. Ó kàn kán òróró màṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ sí i, ó sì tún nu púpọ̀ rẹ̀ kúrò. Ó wá ń yí nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, á ṣí ọ̀bẹ wò. Á yí i díẹ̀ sí i, á tún ṣí i wò. Ibì kan wà tí ọ̀bẹ kò ti mì, tí àtàǹpàkò nìkan sì tó láti ṣí i. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ kúrò. Ibẹ̀ ló nira fún un jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń fẹ́ yí i lọ.

Ó gbé ọ̀bẹ náà dé ìdí igi. Ó fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kan, gbígbẹ ni. Ó ha òmíràn, gbígbẹ ni. Ó gun àpótí, ó ń ha wọ́n lọ títí ó fi kan ẹ̀ka kan tó kọjú sí ilé ìdáná, tí àwọ̀ ewé ṣì hàn lábẹ́ èèpo rẹ̀. Èéhù ẹyọ kan ni ó wà lórí rẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Ó bó o. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Ó tì í bọ inú èèpo igi kejì tí ó ti là sílẹ̀ dè é, ó dè é, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Èéhù náà mú. Àwọn ènìyàn wá bá a yọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn tó bí wọ́n ṣe rò. Igi tí ì bá di oko ti di ọ̀pá kan tó ga dé orúnkún. Kí ó tó tó ohun tí a lè bó èéhù lára rẹ̀, ọdún á gorí ọdún, kò sì mọ̀ bóyá ọwọ́ òun á ṣì dúró dé ìgbà náà.

Ó kàn ọ́ wàyí.

O wọlé, o ní kí n bá ọ dúpẹ́ pé ilé rẹ ti dákẹ́. O ní nígbà tí Ìbídùn, ọmọ rẹ yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ lóhùn, o ní kò gbọdọ̀ lọ sí ìdánrawò akọrin mọ́. Ó tún dá ọ lóhùn, o gba fóònù rẹ̀. Láàárín méjèèjì o ra bàtà fún un, o fi ọ̀rọ̀ dídùn pa á lára bí àdín, o sì ka gbogbo ohun tí o ti ṣe fún un sí i létí. O wá lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Báyìí, o ní kò jiyàn mọ́. O ní ohun tí o bá sọ, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” ni, á sì wọ yàrá lọ. O wá ní kí n gbàdúrà kí ó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ tó ń lọ ṣe ní ìlú mìíràn.

N kò ní gba àdúrà yẹn. Ọ̀bẹ tí o ti yí pa ni o gbé wá fi hàn mí, o sì ní kò mì mọ́. Òótọ́ ni, kò mì. Ìgbà wo ni ọmọ yẹn jókòó tì ọ́ kẹ́yìn, tí ó sọ ohun tí o kò bi í léèrè? O kò rántí. Mo rí i lójú rẹ pé o kò rántí.

Má ṣe ní kí n fún ọ ní òfin mìíràn lọ sílé. Má sì ra nǹkan kan dání. Kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí o bi í léèrè irú iyanrìn tí ìwọ fúnra rẹ fi sáàárín yín. Bí ó bá sọ ọ́, má dá a lóhùn, má ṣàlàyé ara rẹ. Ó lè jẹ́ gbólóhùn kan péré ni yóò sọ, ó sì lè má dùn ún gbọ́. Gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè ṣèlérí pé ohun tútù ṣì kù lára ẹ̀ka yẹn, èmi kọ́ ni mo máa ha á wò.

Ọ̀la ni mọ́tò rẹ̀ ń gbéra, o sì ṣì jókòó síwájú mi.