Fadérera àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Ní Ó Jíwèé Wò
Ẹ bá mi kí Fadérera! Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnṣakin, ọkùnrin tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí, fẹ́ fún un ní òdo: ó ní ètò kọ̀ǹpútà tó kọ ti dára jù fún ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà, àfi kó fi hàn lójú ẹsẹ̀ pé òun ló kọ ọ́. Fadérera ní, “Ẹ ba ibì kan jẹ́ níbẹ̀, sà, màá wá a rí.” Ó kọjú sógiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì pàkàpàkà, ó sì pa gbogbo ohun tó tẹ̀ rẹ́, iṣẹ́ náà padà sí bó ṣe wà. Fadérera kà á látòkè délẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Sà, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́.” “Ó dá ọ lójú?” “Èmi tí mo bímọ, ṣé n ò ní mọ̀ bí wọ́n bá na ọmọ mi ni?” Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá ọmọ, wá gba máàkì rẹ!”