Ọkùnrin Tó Fowó Lé Ẹrù Ara Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń bá akódà kóòtù jà lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí iye tí akódà pe àga rẹ̀.

Akódà ní, "Ẹgbẹ̀rún kan náírà."

Ọkùnrin yìí ní, "Ẹgbẹ̀rún kan kí ni? Bàbá, ṣé ojú yín ríran dáadáa ṣá? Ẹ fọwọ́ kàn án. Ìrókò ni! Ẹni tó bá ra àga yìí ní ẹgbẹ̀rún kan, olè ni."

"Èmi ò ní mo fẹ́ rà á. Mo ní iye tó tó nìyẹn."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan o. Mẹ́rin sì ni wọ́n."

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé akódà débẹ̀.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa ra àlòkù ẹrù ilé, kó tún un ṣe, kó tún un tà. Ó mọ ọjà ná. Tó bá ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ, á ní ikán ti jẹ ẹ́ tán nínú. Tó bá ń ta nǹkan yẹn náà lọ́jọ́ kejì, á ní wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé. Ọjọ́ kan ló gbé wọ́ọ̀dùróòbù onídíńgí sẹ́yìn alùpùpù, ó fi okùn dè é, ó wá gba apá ibi tí kò yẹ kó gbà lójú títì, kó lè yá. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó dúró níwájú ṣàdédé rí ara rẹ̀ nínú díńgí, tó ń bọ̀ wá pàdé ara rẹ̀. Wọ́n mú un. Adájọ́ ní kó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Owó yẹn ò sí. Ohun tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń rí lóṣù, tí wọ́n bá ti jẹun, tí wọ́n san owó ilé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Ó yẹ kó lọ sọ bẹ́ẹ̀. Kò lọ. Ẹni tó lè fi odindi wákàtí kan ná owó abẹ́rẹ́, kò lanu sí akọ̀wé kóòtù rárá. Èrò tiẹ̀ ni pé ìjọba kì í gbọ́ "ẹ ṣe é dáadáa fún mi." Wọ́n kọ ìwé sí i, ó dákẹ́. Wọ́n tún kọ òmíràn, ó fi tẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ́ tà. Owó ń gorí owó títí ó fi di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ìgbà yẹn ni kóòtù wá rán akódà méjì pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, pé kí wọ́n lọ kó ẹrù ilé rẹ̀ wá sí gbàǹjo.

Akódà àgbà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìn ń ro ó, kò sì wù ú kó gbé bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó wo ilé yìí, ó rí i pé yàrá kan péré ni. Ó rí ìyàwó tó fara ti ẹ̀rọ ata tó fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àánú ṣe é. Ó sì mọ òfin iṣẹ́ rẹ̀. Tí gbogbo ẹrù tó wà nínú ilé ò bá tó owó ọkọ̀ tí wọ́n fi wá kó o, wọn ò gbọdọ̀ kó o. Wọ́n á kàn jíṣẹ́ fún adájọ́ pé kò sí nǹkan gidi níbẹ̀, adájọ́ á sì ní kí onílé máa san án díẹ̀díẹ̀. Owó ọkọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ohun tí bàbá yìí ń wá ni bí iye ẹrù ò ṣe ní tó bẹ́ẹ̀.

Kò kàn lè là á mọ́lẹ̀ ni. Akódà kejì, obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú mìíràn, dúró tì í pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ohun tó bá ti ẹnu onílé jáde ló ń kọ. Tí onílé bá húkọ́, á kọ ọ́.

Obìnrin náà kọ ọ́: àga mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún méjìlá.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ mòye ohun tí bàbá yẹn ń ṣe. Ó súnmọ́ ọkọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Bàbá Tinúadé, ẹ jẹ́ kí Bàbá ṣiṣẹ́ wọn."

"Ìyá Tinúadé, gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ṣé o ò rí i pé wọ́n ń bu ọjà mi kù ni?"

Wọ́n wọlé. Akódà àgbà wo bẹ́ẹ̀dì onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ìyàwó yára pariwo, "Ẹ má súnmọ́ ọn o, Bàbá! Ìdun ló kún ibẹ̀. Mi ò fojú kan oorun lánàá."

Inú akódà dùn. Ó fò sẹ́yìn bí ọmọdé. Ó ní, "Ìdun kẹ̀! Bẹ́ẹ̀dì tí ìdun wà nínú ẹ̀, ta ló máa rà á? Kọ ọ́ pé kò níye lórí."

"Ìdun wo?" Ohùn ọkùnrin yìí ti dé òkè. "Ìyá Tinúadé, ìgbà wo la ní ìdun? Bẹ́ẹ̀dì tí mo fọwọ́ ara mi fi kẹrosíìnì fọ irin ẹ̀! Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lójú oníbàárà ni?"

Oníbàárà! Ẹni tó wá kó ẹrù rẹ̀ ló ń pè ní oníbàárà.

Ó bọ́ ẹ̀wù. Ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú ìjọba, ó ń yí gbirigbiri. "Ẹ wò mí dáadáa! Ṣé mò ń họra? Mo ní ṣé mò ń họra?"

Àwọn ará ilé ti kún ojú fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá Tinúadé, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ kejì náà, ká rí i!"

Ó yí i. Ó dìde, ó gbọn ara, ó ní, "Ẹgbẹ̀rún méje. Jálẹ̀."

Obìnrin náà kọ ọ́.

Ó wá ku fáànù onídùúró. Akódà àgbà ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èyí ti kú."

"Kò kú o, Bàbá. Iná ni kò sí."

"Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ lójú mi, òkú ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, a ò ní jà. Ọmọ mi, rò ó pọ̀."

Obìnrin akódà rò ó pọ̀. Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kò tó owó ọkọ̀. Akódà àgbà ti ń ki awò ojú rẹ̀ bọ àpò. Ìyàwó ti ń mí kanlẹ̀. Awakọ̀ tó wà níta, tó ti jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga látàárọ̀, ti dìde pé kí òun lọ ṣíná ọkọ̀.

Ọkùnrin yìí ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kọ́. Ẹ dúró ná." Ó ki okùn fáànù bọ ihò iná lára ògiri, ó tẹ̀ ẹ́. Fáànù ò mira. Láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni àdúgbò yẹn ò ti rí iná.

Akódà ní, "Ṣé o rí i? Ó dàbọ̀."

Àfi "Iná dé o!" lẹ́nu gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù gbéra. Ó fẹ́ fìlà kúrò lórí akódà àgbà, ó já ìwé gbà lọ́wọ́ obìnrin náà, ìwé gba ojú fèrèsé jáde, obìnrin náà sì sáré tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin yìí la apá méjèèjì. "Ẹ wá wo afẹ́fẹ́! Ṣé afẹ́fẹ́ òkú rèé? Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta!"

Ìyàwó rẹ̀ káwọ́ lérí.

Kí obìnrin akódà tó rí ìwé rẹ̀ mú níta, akódà àgbà fà á létí. "Ìwọ ọkùnrin yìí, kí ló ń ṣe ẹ́? Mò ń já a wálẹ̀ kó o lè bọ́, ìwọ ń fowó lé e!"

"Ẹ̀n?"

"Tí kò bá tó ogún, a ò ní kó o. Ó ti di ẹgbẹ̀rún méjìlélógún báyìí, o sì ti fẹnu ara ẹ sọ ọ́."

Ọkùnrin yìí na ọwọ́ lẹ́yìn, ó pa fáànù.

"Ó ti pẹ́ jù."

Obìnrin náà wọlé padà, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ìwé, ó kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí i. Ó rò ó pọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti ju owó ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tó gbèsè. Ẹ̀rọ ata ẹnu ọ̀nà yẹn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gbé e mọ́ ọn."

Wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àwọn tó wà lójú fèrèsé mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ni ilé yẹn ń jẹ. Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ò bá tajà, ata tí ìyàwó lọ̀ ni wọ́n ń fi ra gààrí. Ọjọ́ tí kò tajà sì pọ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo akódà, kò rí iye kankan pè. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i tí ọjà ń lọ tí kò fọhùn.

Ìyàwó ló kúnlẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun. Èló lẹ máa gbà lọ́wọ́ wa lónìí, kí ẹ̀rọ mi lè dúró?"

Akódà àgbà wò ó. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí a ti kọ ìwé àkọ́kọ́, ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ́fíìsì ń dúró dè. Wọ́n fún mi láyè kí n tó kúrò lọ́hùn-ún. Tí onílé bá ti béèrè, tó sì mú díẹ̀ sílẹ̀, mo lè pín in fún un."

Ọkùnrin yìí jí. "Ó ṣeé ná?"

"Kò ṣeé ná. Ó ṣeé pín. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lónìí, ìyókù, ẹ máa mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta-mẹ́ta wá lóṣooṣù."

"Bàbá, ẹ gba márùn-ún."

Obìnrin akódà gbé bírò sókè. "Ṣé kí n kọ márùn-ún?"

"Mẹ́wàá ni."

"Mẹ́fà, Bàbá. Nítorí Ọlọ́run."

Akódà àgbà yíjú sí awakọ̀. "Wá bá wa gbé ẹ̀rọ yìí."

"Mẹ́wàá ló tọ́! Mẹ́wàá ló dáa jù! Ta ló ní mẹ́fà?"

Ẹ̀rín bú lójú fèrèsé. Ìyàwó tú owó ata tó wà nídìí aṣọ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.

Awakọ̀ ní kí wọ́n má bínú o, òun ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní àga yìí ò dún gìyẹ́ lábẹ́ òun látàárọ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì-méjì ni òun ní, òun á kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Méjì!" Ọkùnrin yìí ti fa èémí. Bó ṣe máa ń fà á tó bá fẹ́ ná ọjà nìyẹn. Ìrókò ti dé ẹnu rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ata ti bó. Ó gbé ìrókò mì.

Ó ní, "Kó o."

Awakọ̀ ka owó lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó tún un kà, ó fi ti ìyàwó rẹ̀ lé e, ó nà án sí akódà. Akódà mú etí kejì owó náà, ọkùnrin yìí ò tíì fi etí tiẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jọ dì í mú fúngbà díẹ̀.

Ìyàwó ní, "Bàbá Tinúadé."

Ó fi sílẹ̀. Obìnrin náà já rìsíìtì fún un.

Ìwọ náà wá rò ó, ọ̀rẹ́ mi. O gbé tẹlifíṣọ̀n wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí pé kí n bá ẹ fi pamọ́, torí akódà ń bọ̀. Àti ìgbà tí wọ́n ti mú ẹ pé o wakọ̀ kọjá iná pupa ojú títì, o ò tíì yọjú sí kóòtù lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, o jókòó síbí, o ná bàtà tí mò ń tà títí ìtọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, o sì rí i rà. O ní ẹnu. Èmi ni mo jẹ́rìí. Ibi tó yẹ kó o gbé e lọ lo ò tíì gbé e lọ. Ẹni tó o jẹ ní gbèsè ni kó o lọ bá sọ̀rọ̀, kó o lọ ní tara ẹ, kó o sọ iye tí agbára ẹ gbé. Tí ẹnì kan níbẹ̀ bá sì ń já a wálẹ̀ fún ẹ, jọ̀ọ́, má sọ fún un pé ìrókò ni.

Mi ò gba tẹlifíṣọ̀n. Gbé e. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó o fẹ́ fún mi kí n fi bá ẹ tọ́jú ẹ̀ yẹn, mú un dání. Tó o bá dé ibẹ̀, fi lé akọ̀wé lọ́wọ́, kó o tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.