Bí Mo Ṣe La Igbó Olóhùn Púpọ̀ Kọjá Nítorí Ọ̀rẹ́ Tí N Kò Fojú Rí Rí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí lónìí, ẹ fi etí ọkàn gbọ́ mi, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àlọ́, èmi gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ mi, ọmọ Ọdẹ́yalé ará Òkè-Ìyá. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Ṣùgbọ́n kí ìbọn tó kàn mí, ẹran ti ń tán nínú igbó wa bí omi ti ń tán nínú kèrègbè tó jò. Àwọn òbí mi kú, àwọn ẹgbẹ́ mi kó lọ sí ìlú ńlá, ó ku èmi nìkan nínú agbo ilé tí èrò ti ń dí ara wọn lọ́nà rí. Bí mo bá wúkọ́, ògiri ni ó ń dá mi lóhùn.

Ìdáwà yìí ni ó sọ mí di ẹni tí ń gbá géèmù lórí fóònù. Eré ogun ni, àwọn tí n kò rí rí ni a jọ ń jà, a sì ń gbọ́ ohùn ara wa létí. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa ń pe ara rẹ̀ ní Ìjímèrè. Bí ọ̀tá bá yọ sí mi lẹ́yìn, òun ni yóò kọ́kọ́ rí i. Bí mo bá ṣubú, òun ni yóò padà wá gbé mi nígbà tí àwọn yòókù bá ti sá lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, yóò bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará: láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹlòmíràn tó bi mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, Ìjímèrè dákẹ́. Mo pè é títí, kò gbé e. Àwọn ẹgbẹ́ wa ní bóyá eré ti sú u ni, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó lọ. Ó dùn mí wọ eegun. Mo rántí pé ó ti sọ fún mi pé káfíńtà ni òun, ní ìlú Ẹ̀bá-Àpáta. Àárín Igbó Olóhùn Púpọ̀ ni ọ̀nà ibẹ̀ sì gbà kọjá, igbó tí bàbá mi pàápàá kì í wọ̀. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo bu gààrí sápò, mo lọ.

Igi ibẹ̀ ga bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi orí gbé ọ̀run. Oòrùn ń wọlé ní tín-ín-tín bí ìyẹ̀fun tí ń jò nínú asẹ́. Ibẹ̀ ni iwin kan ti yọ sí mi. Ẹnu bo gbogbo ara rẹ̀ bí ihò ti bo afárá oyin, ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo ni ó ní, kò sì tóbi ju ẹyọ erèé lọ. Ó béèrè ẹni tí mo ń wá. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni.

Ó ní, “Sọ bí ojú rẹ̀ ti rí fún mi, n ó sì jẹ́ kí o kọjá.”

Mo ní, “N kò mọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe nígbà tí mo bá ṣubú. Ojú ni ẹwà, ìwà ni ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ojú ni mo mọ̀ ní ìlú mi tí kò mọ̀ bóyá mo wà láàyè.”

Iwin náà mi orí, ó ní mo fèsì bí àgbà, ṣùgbọ́n ìdánwò kù. Ó fi àga fún mi, ó sì la gbogbo ẹnu rẹ̀. Ohùn rọ́ jáde bí eéṣú: wọ́n ń pe orúkọ mi, wọ́n ń kì mí, wọ́n ń bá mi ta ayò, èmi ni mo sì ń borí nígbà gbogbo. Ebi kò pa mí, oorun kò kùn mí. Ó ní kí n máa gbé ibẹ̀, pé ohùn wọ̀nyí kò ní dákẹ́, wọn kò ní ṣàìsàn, wọn kò ní kú. Kí ni n ó fi pamọ́ fún yín? Ó wù mí. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í béèrè ibi tí omi ti ṣàn wá. Mo jókòó títí irùngbọ̀n mi fi kan àyà.

Ìgbà tí ó yá, ibà dá mi wólẹ̀. Mo ń kérora, àwọn ẹnu náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kì mí lọ. Kò sí èyí tí ó béèrè ohun tí ó ṣe mí. Nígbà náà ni ó yé mi pé ohùn tí kò lè kú kò lè ṣàánú ẹni. Mo fi ìbọn tilẹ̀, mo dìde tòun ti ibà náà.

Iwin kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí o ń lọ bá lè má dá ọ lóhùn o.”

Ní Ẹ̀bá-Àpáta, obìnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ni ó ṣílẹ̀kùn ilé káfíńtà fún mi. Àbúrò rẹ̀ ni Ìjímèrè, Oyèkúnlé ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbà ti mú un lápá lẹ́sẹ̀, ó sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ara mi, obìnrin náà wò mí pẹ́.

Ó ní, “Ẹ má bínú. Gbogbo ìgbà tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, mo rò pé kò sí ènìyàn kankan nídìí ohùn wọ̀nyẹn ni.”

Mo wọlé. Ẹni tí mo ti ń pè ní “ìwọ” bí ẹgbẹ́ mi, irun orí rẹ̀ funfun bí òwú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta. Èmi Ọdẹ́gbàmí ni.” Ó yí ojú sí ohùn mi. Omi dà lójú rẹ̀ kan, èkejì kò lè sọkún mọ́. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Mo dúró tì í, mo ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mu, títí iṣu tuntun fi jáde. Òwúrọ̀ kan ni ó kú, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. A sin ín sẹ́yìnkùlé, èmi nìkan ni àlejò níbẹ̀. Mo padà wálé. Iwin náà rí mi tí mo ń kọjá lọ, ó yà fún mi lọ́nà.

N kò ní tàn yín: ilé mi ṣì dá páropáro, mo sì ṣì ń gbá géèmù náà. Ṣùgbọ́n ẹ gba èyí lẹ́nu mi. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ létí, inú ara ni ó ti ń jáde, ara a sì máa ṣàìsàn. Bí ẹnìkan bá dákẹ́ láàárín yín, ẹ béèrè ilé rẹ̀, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ó ń retí. Ẹsẹ̀ yín á bá yín délé o. Ẹni tó bá ní ẹni tí yóò pè, kí ó pè é.